Bí A Ṣe Ń Yẹ Mọ́tò Tí Ń Fi Afẹ́fẹ́ Rìn Wò Kí A Tó Sanwó Rẹ̀

Líta mélòó ni táńkì rẹ̀ ń gbà, báà mélòó sì ni wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dé? Ìbéèrè méjì yìí ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra mọ́tò kékeré tí ń fi afẹ́fẹ́ rìn nínú ìlú kọ́kọ́ bi ẹni tí ń tà á, kí wọ́n tó jọ dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ rárá. Báà ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó nínú ohun tí a fún un sí: táyà mọ́tò kì í sábà kọjá báà 2 sí 3, ṣùgbọ́n táńkì irú mọ́tò yìí lè tó báà 300. Bí ẹni tí ń tajà kò bá lè dáhùn, tí ó jẹ́ pé iye kìlómítà tí ọkọ̀ ń rìn nìkan ni ó mọ̀ ọ́n kà, ẹ má tíì yọ owó lápò.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín kan bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ìgbà mélòó kan. Ìdí pọ́ǹpù náà yóò gbóná mọ́ yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ fáàfù táyà tí ó kún dáadáa, ẹ ó rí i pé afẹ́fẹ́ tí ń jáde tutù lójú ìka. Ibi méjì yìí gan-an ni ìṣòro mọ́tò náà wà. Iná mànàmáná tí a fi ń fún afẹ́fẹ́ sínú táńkì ń di ooru tí ó ń bá ìgbẹ́ lọ, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá sì ń fẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì láti ti pisítìnì, ó ń tutù débi pé yìnyín lè dì mọ́ ẹnu sàlẹ́ńsà.

Ó wá kan ìṣirò, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ mú táńkì onílíta 300 tí a fún dé báà 300. Bí a bá tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀, yóò tó nǹkan bí líta 90,000, yóò sì wọ̀n tó nǹkan bí kìlógíráàmù 100, bí ẹni pé èrò kan tí ó sanra ti jókòó sínú ọkọ̀. Agbára tí afẹ́fẹ́ yìí lè fi ṣiṣẹ́, bí ohunkóhun kò tilẹ̀ ṣòfò, kò ju nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí 12 lọ; òṣùwọ̀n yìí náà ni a fi ń ka iná mànàmáná tí a ń sanwó rẹ̀. Nissan Leaf, mọ́tò tí ń fi bátìrì rìn, tí ó jáde ní ọdún 2010 gbé bátìrì kílówáàtì-wákàtí 24, tí í ṣe ìlọ́po méjì èyí. Kò sì sí ẹ́ńjìnnì tí yóò gba gbogbo 12 náà tán, nítorí náà ẹ dá a sí méjì, kí ẹ mú 6. Mọ́tò kékeré tí ó fúyẹ́, tí kì í sáré púpọ̀, lè ná nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kílówáàtì-wákàtí lórí kìlómítà kan, 6 yìí yóò sì gbé e dé nǹkan bí kìlómítà 60. Ẹ tún yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bí táńkì bá jẹ́ onílíta 150, ìdajì ni ẹ ó rí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí kìlómítà 200, ẹ ní kí ó ṣe ìṣirò náà lójú yín. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ń jó epo díẹ̀ láti mú afẹ́fẹ́ gbóná, nítorí èyí a máa mú kí ìrìn gùn sí i, ṣùgbọ́n èéfín yóò jáde.

Ibi tí ẹ ó ti máa fún un ló kàn. Ní ibùdó tí ó ti ní àgbá afẹ́fẹ́ ńláńlá ní ìpamọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ní ilé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré irú èyí tí àwọn òmùwẹ̀ fi ń fún àgbá tí wọ́n ń gbé lọ sí abẹ́ omi lè fún líta 100 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì máa fa kílówáàtì 2.2. Líta 90,000 yóò gbà á ní wákàtí 15, yóò sì jẹ nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí 33. Ẹ fi 33 ṣe ìlọ́po iye tí ẹ ń san lórí kílówáàtì-wákàtí kan, kí ẹ fi 60 pín èsì rẹ̀, ẹ ó sì mọ iye tí kìlómítà kan ń ná yín. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ńlá tí a ń mú tutù dáadáa ń ṣe dára ju èyí lọ, ṣùgbọ́n iná tí ó wọlé ṣì máa ń pọ̀ ju iṣẹ́ tí ó jáde lọ fíìfíì, bátìrì sì ń ṣe dára jù ú lọ níbẹ̀. Nítorí náà, kí a tó pe mọ́tò yìí ní aláìléèérí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n fi ń pèsè iná. Bí ó bá jẹ́ oòrùn tàbí omi, ọ̀rọ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èédú, èéfín kàn kúrò ní ojú títì lọ sí ibòmíràn ni.

Ní ti òtútù, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń mú afẹ́fẹ́ gbóná padà, àti bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀rinrin kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó wọ táńkì, nítorí ọ̀rinrin yẹn ni yóò di yìnyín tí yóò há fáàfù. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ìlú Nantes ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1879 títí di 1917, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro tí Louis Mékarski ṣe ń fi afẹ́fẹ́ rìn, inú omi gbígbóná ni ó sì ń mú afẹ́fẹ́ náà gbà kí ó tó dé ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wo táńkì fúnra rẹ̀. Èyí tí a fi fọ́nrán kábọ́ọ̀nù wé dára ju ti irin lọ, nítorí ó fúyẹ́, bí ó bá sì bẹ́, yíya ni ó sábà máa ń ya dípò kí irin fọ́n káàkiri. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí wọ́n fi omi dán an wò kẹ́yìn. Omi ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà nítorí omi kì í fúnpọ̀ bí afẹ́fẹ́, bí táńkì bá sì já kò ní bú gbàù. Ẹ fi ọwọ́ pa gbogbo ara rẹ̀. Bí ẹ bá kan ojú ibi tí fọ́nrán ti gé, ẹ má gbà á.

Guy Nègre, ẹnjiníà ará Faransé, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe irú ọkọ̀ yìí, Tata Motors, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe mọ́tò ní ilẹ̀ Íńdíà, sì bá ilé iṣẹ́ rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé ní ọdún 2007. Síbẹ̀ ọkọ̀ náà kò gba ìgboro kan. Ní tèmi, ẹni tí ó bá ń lọ sí ibì kan náà lójoojúmọ́, tí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà 15 lọ, tí ibùdó afẹ́fẹ́ wà nítòsí rẹ̀, ni ó yẹ fún. Ó sì yẹ fún inú ilé ìkẹ́rù àti ọgbà ilé iṣẹ́, níbi tí èéfín kò ti gbọdọ̀ jáde.

Tí gbogbo èyí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wà á wò. Ẹ ní kí wọ́n fún táńkì kún, kí ẹ sì dúró fún wákàtí kan, nítorí afẹ́fẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún gbóná, géèjì á sì ka iye tí ó ga ju òtítọ́ lọ. Nígbà tí ó bá tutù ni iye tòótọ́ yóò hàn. Ẹ gbé iye ènìyàn tí ẹ máa ń gbé, ẹ gba ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà, kí ẹ sì máa kọ iye tí géèjì ń kà sílẹ̀ ní kìlómítà márùn-ún márùn-ún. Bí táńkì bá ti ń gbẹ, ẹ padà sí òkè tí ó ga jù lọ́nà yín, kí ẹ gun ún. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti gùn ún ní báà 80, a jẹ́ pé 80 ni òpin táńkì yín, 220 tí ó ṣẹ́kù nìkan ni kí ẹ sì fi ṣe ìṣirò.