Bí Mo Ṣe Hun Àtẹ́ Tí Sẹ́ẹ̀lì Ń Tọ̀ Lọ

Ìlọrin ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà ọyẹ́. Ohun tí mo ń wá ni àtẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí a lè tẹ́ sójú egbò, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń hun ẹran ara lè gba orí rẹ̀ láti etí egbò dé àárín, kí àtẹ́ náà sì máa jẹrà bí ẹran tuntun bá ṣe ń gba ipò rẹ̀.

Ike polycaprolactone ni mo yọ́ sínú ásíìdì fínígà. Mo fà á sínú síríǹjì, mo so abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ iná mànàmáná 15,000 fóòtì (volt), mo sì gbé irin pẹlẹbẹ síwájú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Iná náà fa ẹ̀kán omi ike yìí gùn bí ọbẹ̀ ilá ṣe ń yọ̀ láti ẹnu ṣíbí. Kí ó tó dé ara irin, ásíìdì ti gbẹ, fọ́nrán tí ó sì kù fi nǹkan bí ìgbà 100 tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ọyẹ́ ń dí ẹnu abẹ́rẹ́ mi lemọ́lemọ́. Aṣọ tútù ni mo fi ń nù ún.

Mo kọ́kọ́ gbé àtẹ́ náà sínú ìkòkò tí a fi ń pa kòkòrò àìfojúrí ní 121°C, mo gbàgbé pé nǹkan bí 60°C ni ike yìí ti ń yọ́. Ọtí ẹtanọ́ọ̀lù 70% ni mo ń lò báyìí. Èkejì, omi dúró lórí rẹ̀ bí omi orí ewé kókò, sẹ́ẹ̀lì kò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo po gẹlatíìnì, ìbátan pọ̀mọ́, mọ́ ike náà, mo sì fi ooru kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní glutaraldehyde dè é kí omi má baà fọ̀ ọ́ lọ.

Síbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì eku tí mo gbìn sí i kàn ń rìn gbéregbère ni, nítorí fọ́nrán náà lọ́ mọ́ra wọn bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ahunṣọ òfì kan ládùúgbò wa ni ó là mí lójú láìmọ̀: ó na òwú rẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀, ó fi òkúta fà á le, kí ó tó jókòó hun ohunkóhun. Mo fi àgbá kékeré tí mọ́tò ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan rọ́pò irin pẹlẹbẹ, fọ́nrán náà sì tò tẹ̀léra. Sẹ́ẹ̀lì a máa di fọ́nrán mú, a sì na ara rẹ̀ lé e, nítorí náà ibi tí fọ́nrán bá kọjú sí ni òun náà ń gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n wá láti etí méjèèjì àlàfo tí mo fi sílẹ̀ láàárín wọn, wọ́n sì pàdé. Nígbà tí mo dábùú àtẹ́ kan náà, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àlàfo náà sì wà síbẹ̀.

Ojú lásán kò lè rí ibi tí fọ́nrán náà kọjú sí, nítorí náà mo ń fi bírò fa ilà sétí àtẹ́ kí n tó bó o kúrò lára àgbá.