Kí ẹ tó ra káàdì gíráfíìsì fún àpótí pinball: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó

Pákó àpótí pinball, àpótí tí ẹ fi ń ta eré bọ́ọ̀lù irin lójú skríìnì, ti di kíkàn, ọ̀dà ti gbẹ, tẹlifíṣọ̀n ti dùbúlẹ̀ sí àyè rẹ̀. Káàdì gíráfíìsì, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán sójú skríìnì, ló kù, ibẹ̀ náà sì ni owó ti ń bómi lọ. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyàtọ̀ playfield sí backglass, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ ìyẹn ná. Ẹni tí owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

1. Àwọn olùrà kì í ka ihò ẹ̀yìn káàdì, ibi tí wáyà skríìnì ń wọ̀. Èyí ló ń bíni nínú jù. Skríìnì mẹ́ta ni àpótí tó pé ń lò: playfield (ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń yí), backglass (àwòrán tó dúró lókè) àti DMD (skríìnì kékeré alámì tó ń kọ máàkì). Káàdì oníhò méjì kò lè tan mẹ́ta, bó ti wù kó lágbára tó. RX 6400, RX 6500 XT àti GT 1030, ihò méjì-méjì ni wọ́n máa ń ní, àwọn gan-an sì ni owó wọn ń fa ojú mọ́ra. Bí wọ́n bá rà á délé tán ni ọgbọ́n àgbọ́njù á bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan á lọ ra splitter HDMI. Splitter kì í ṣẹ̀dá skríìnì kẹta o! Àwòrán kan náà ló ń pín sọ́nà méjì, ohun tó wà lójú backglass ni ẹ óò tún máa wò lójú DMD. Ẹlòmíì á ra adáptọ̀ USB tó ń yọ HDMI jáde. Ìyẹn á tan lóòótọ́, àmọ́ prosẹ́sọ̀ ló ń fún àwòrán náà pọ̀ kó tó gba wáyà USB kọjá, prosẹ́sọ̀ kan náà tó ń darí script tábìlì (àṣẹ eré pinball kọ̀ọ̀kan) tó sì gbé VPinMAME, ètò tó ń ṣe bí ọpọlọ ẹ̀rọ pinball àtijọ́, pọ̀n. Bọ́ọ̀lù á wá máa ta gìrì bí ẹni tí oòyì ń kọ́. Ẹnì kẹta á ki wáyà DMD bọ ihò tó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà F ló gbẹ̀yìn orúkọ prosẹ́sọ̀ Intel yín, òkú ni ihò yẹn. Bí kò bá sì kú, díráífà méjì á máa pín iṣẹ́ kan ṣe, eré á sì máa já létí. Ara káàdì kan ni kí ẹ so skríìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́.

Bí ihò bá pé, ó ku irú ihò. Ọ̀pọ̀ káàdì ní HDMI kan, DisplayPort sì ni ìyókù, bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣọ̀n kì í sábà ní DisplayPort. Ti playfield ni HDMI yẹn, kí adáptọ̀ kankan má ṣe wà láàárín. Adáptọ̀ passive (aláìní ẹ̀rọ àyípadà nínú) láti DisplayPort sí HDMI kò kọjá 4K ní 30Hz (àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣùgbọ́n ó tó backglass 1080p. GTX 10, GTX 16 àti RTX 20, HDMI 2.0 ni tiwọn, 4K ní 60Hz ni òpin rẹ̀. Ẹni tó ti ra tẹlifíṣọ̀n 4K 120Hz nílò HDMI 2.1, èyí tó wà lára RTX 30 àti RX 6000. GTX 700 ńkọ́? HDMI 1.4, 4K ní 30Hz. Ẹ óò tẹ flipper, ọwọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, á dà bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀.

2. Tẹlifíṣọ̀n 4K, káàdì 1080p. Píksẹ́lì 2,073,600 ló wà nínú 1080p, 8,294,400 ló wà nínú 4K: ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́ nìyẹn. GTX 1050 Ti tàbí GTX 1650 tó ní 4GB lè gbé playfield 1080p. Fún 4K ní 60Hz, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti GTX 1660 Super 6GB, kí ẹ sì ṣe tán láti dín ẹwà kù lórí àwọn tábìlì tuntun. RX 6600 tó ní 8GB fi ọkàn ẹni balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mẹ́mórì káàdì bá kún, àwòrán á ṣàn wọ RAM kọ̀ǹpútà, eré á sì máa dúró díẹ̀díẹ̀. “Maximum texture dimensions” nínú Visual Pinball, ètò tó ń gbé eré náà, ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Ẹ má sì torí DMD ra káàdì ńlá: àmì 128 sí 32 péré ni DMD àtijọ́ ní. Ihò ló fẹ́, kò fẹ́ agbára.

3. Orúkọ kan náà, ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mẹ́mórì nìkan kọ́ ni GTX 1060 3GB fi kéré sí 6GB: core (ẹ̀yà ìṣirò) 1,152 ló ní, èkejì ní 1,280. GT 1030 tó ń lo DDR4 lọ́ra gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń lo GDDR5. P106-100, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń fi káàdì wa owó crypto, kò ní ihò àwòrán rárá. Bí owó tòkunbọ̀ bá sì kéré jọjọ tí oníṣòwò ní tuntun ni, ẹ ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì, kí ẹ tó sanwó. Bó bá rí ayédèrú, á kọ [FAKE] síwájú orúkọ rẹ̀.

Iná. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré kì í sábà ní wáyà 6-pin fún káàdì. Adáptọ̀ láti SATA (wáyà iná háàdì dísíìkì) sí 6-pin? Rárá o. 54 wáàtì ni SATA lè gbé lórí 12V, 75 ni 6-pin lè béèrè. Ó ń yọ́, ó sì ń jóná. Ẹ ra káàdì tí kò béèrè wáyà, bíi GTX 1050 Ti tó ń jẹ 75 wáàtì, tàbí kí ẹ pààrọ̀ páwà sọ́pláì.

Shaker (mọ́tò tó ń gbọn àpótí) àti solenoid (ẹ̀rọ tó ń lù kò-kò): páwà sọ́pláì tiwọn lọ́tọ̀. Kí ẹ sì de káàdì náà ní ìdè skúrù, torí gbígbọ̀n shaker máa ń yọ ọ́ kúrò ní àyè rẹ̀.

Ooru náà wà níbẹ̀. Àpótí pákó kò yàtọ̀ sí ààrò. Fáànù 120mm kan nísàlẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, òmíràn lókè lẹ́yìn tó ń tì í jáde.

Àti àwọn tó ń pààrọ̀ káàdì nígbà tí káàdì ò ṣẹ̀. Ẹ tẹ F11 nínú tábìlì tó ń já, ẹ wo FPS (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ wá sọ playfield di 1080p, ẹ tún wò ó. Bó bá fò sókè, ẹ lọ ra káàdì. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ dá owó padà sápò, prosẹ́sọ̀ ló ń dà yín láàmú.