Bí mo ṣe tọ orírun orúkọ Murphy fún ìyá aládùúgbò mi ní Cork

Ìyá tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ní ìlú Cork, ní Írẹ́lándì, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Murphy ni orúkọ tí wọ́n bí i sí, Murphy náà ni ọkọ tó fẹ́, ìdílé méjèèjì kò sì bá ara wọn tan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká lọ sí Australia àti Amẹ́ríkà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé òun kò mọ abúlé tí bàbá bàbá òun ti wá kí ó tó wá máa ṣe lébìrà ní èbúté. Ó bẹ̀ mí lọ́wẹ̀, mo sì gbà tọkàntọkàn, torí Màmá kì í ṣe àlejò sí wa: òun ló ń bá wa wo ọmọ bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù. Mo kọ ọ̀nà tí mo gbà síbí nítorí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Írẹ́lándì ti pọ̀, a sì ti ń bá àwọn ará ibẹ̀ dána, a ti ń bí ọmọ tó ń jẹ́ Murphy, Kelly tàbí Byrne. Ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ìtàn ilé bàbá àti ilé ìyá.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ní èdè Írẹ́lándì, Ó Murchadha ni láyé àtijọ́. Lónìí wọ́n ń kọ ọ́ ní Ó Murchú. Murchadh jẹ́ orúkọ ọkùnrin, òkun àti ogun ni wọ́n pa pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ni jagunjagun orí omi. "Ó" ni ọmọ-ọmọ tàbí ìran ẹnì kan, "Mac" ni ọmọ. Ẹni tó bá ń wá obìnrin nínú ìwé tí wọ́n fi èdè Írẹ́lándì kọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Ní Mhurchú ni wọ́n ń kọ fún ọmọbìnrin, Uí Mhurchú fún aya. Ká ní mi ò mọ èyí ni, ìwé kan tí orúkọ ìyá Màmá wà nínú rẹ̀ ì bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Írẹ́lándì wà lára àwọn ilẹ̀ tí orúkọ ìdílé ti tètè fìdí múlẹ̀ ní Yúróòpù. Ìwé ìtàn wọn dárúkọ ìjòyè kan, Tigherneach Ua Cleirigh, tó kú lọ́dún 916. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àṣà náà fi tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n Murchadh kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn tó ń jẹ́ ẹ pọ̀ láàárín àwọn ọlọ́lá. Ọmọ Brian Bóruma, ọba àwọn ọba Írẹ́lándì, tó ṣubú pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lójú ogun Clontarf lọ́dún 1014, Murchad ni orúkọ tirẹ̀ náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dìde níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú ń pe ara rẹ̀ ní ìran Murchadh tirẹ̀. Àwọn tó lókìkí jù wà ní Wexford, níhà gúúsù ìlà-oòrùn. Àwọn kan wà ní Sligo, àwọn kan ní Tyrone lápá àríwá, àwọn yẹn ni Mac Murchadha. Cork ni orúkọ náà ti wá pọ̀ jù lónìí, pàápàá láti agbègbè Muskerry.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀bùn fún arìnrìn-àjò máa ń ta apata ogun kan náà, tí wọ́n ya àmì ìdílé sí, fún gbogbo ẹni tó bá ti ń jẹ́ Murphy, bí ẹni pé baba kan ló bí gbogbo wọn. Inú mi kì í dùn sí i. Irú àmì ọlá bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ni wọ́n ń fi í fún, àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló sì ń jogún rẹ̀. Màmá ní ọ̀kan lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. N kò ní kó yọ ọ́, ó rẹwà níbẹ̀, àmọ́ a ò lè fi ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Mo dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Wexford, nítorí ibẹ̀ ni Diarmait Mac Murchada, ọba Leinster níhà ìlà-oòrùn Írẹ́lándì, ti wá. Wọ́n lé e kúrò lórí ìtẹ́ lọ́dún 1166, ó sì sá tọ Henry Kejì, ọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lọ fún ìrànlọ́wọ́. Lọ́dún 1169 àwọn Norman, jagunjagun tó wà lábẹ́ Henry, wá ràn án lọ́wọ́, wọ́n gúnlẹ̀ sí Bannow ní Wexford. Ọdún kejì ni Strongbow, ìjòyè kan nínú àwọn Norman náà, dé, ó sì fẹ́ Aoife, ọmọ Diarmait, ní Waterford. Diarmait kú lọ́dún 1171. Kí ọdún náà tó parí, Henry fúnra rẹ̀ ti gúnlẹ̀, ibẹ̀ sì ni agbára Gẹ̀ẹ́sì lórí ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ojú Màmá yí padà nígbà tí mo kà á fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìran ẹni tó pe ọ̀tá wọlé la jẹ́ ni?" Mo ní, "Rárá o, Màmá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ́ Kavanagh àti Kinsella. Ìran tiwọn yàtọ̀ sí Ó Murchadha." Ó mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún ṣì ń ká wọn lára níbí.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀, orúkọ di ọ̀ràn òfin. Lọ́dún 1465 wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn ará Írẹ́lándì tó ń gbé lágbègbè tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní tòsí Dublin máa jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Ó àti Mac wá já bọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ orúkọ. Nígbà tí ìfẹ́ àṣà ìbílẹ̀ sọjí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ìdílé dá Ó tiwọn padà: Sullivan di O'Sullivan, Connor di O'Connor. Murphy kò padà sí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ekukáká lẹ fi máa rí ẹni tó ń jẹ́ O'Murphy.

Lẹ́yìn èyí mo wá iye wọn. Robert Matheson, igbákejì ọ̀gá àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú nígbà náà, ka àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1890 lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìṣirò díwọ̀n iye àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà ní gbogbo ilẹ̀ náà. Murphy ló wà lókè pátápátá, bí 62,600 ènìyàn. Kelly ló tẹ̀ lé e pẹ̀lú 55,900. Mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé díẹ̀ ni gbogbo olùgbé Írẹ́lándì nígbà yẹn, ìyẹn ni pé bí ẹ bá kó ènìyàn márùndínlọ́gọ́rin jọ, ó ṣeé ṣe kí Murphy kan wà láàárín wọn. Títí di òní, òun ṣì ni orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an ló wá kàn. Ìwé ìkànìyàn ọdún 1901 àti 1911 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, Àjọ Àkópamọ́ Orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì ló gbé e síbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ Murphy, tí ẹ mú Cork, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló máa jáde. Kí wá ló dé tí a ò lè lọ sí èyí tó ṣáájú? Ohun tó bí mi nínú jù nìyí. Nígbà ogun abẹ́lé, ní oṣù kẹfà ọdún 1922, iná jó ilé àkópamọ́ tó wà ní Four Courts ní Dublin, ìkànìyàn 1821 títí dé 1851 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ tán. Ti 1861 sí 1891, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ti pa wọ́n run ṣáájú. Ìyàn ńlá ti ọdún 1845 sí 1852, nígbà tí àrùn ba pòtétò jẹ́, bọ́ sáàárín àlàfo yìí. Ènìyàn lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ni wọ́n kà lọ́dún 1841. Lọ́dún 1851 wọ́n kù sí bíi mílíọ̀nù mẹ́fà àtààbọ̀. Bíi mílíọ̀nù kan kú, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú kò sí níbì kankan mọ́.

Níwọ̀n bí orúkọ ìdílé kò ti lè yà wọ́n sọ́tọ̀, orúkọ àbísọ ni mo gbára lé. Ní Cork, ẹ máa rí Jeremiah, Cornelius, Timothy àti Daniel lọ́pọ̀lọpọ̀, torí àwọn ni wọ́n fi ń rọ́pò Diarmuid, Conchobhar, Tadhg àti Dónall. Wọ́n tún ní àṣà kan: àkọ́bí ọkùnrin máa ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, èkejì a jẹ́ ti bàbá ìyá rẹ̀. Èyí dára fún ẹni tó ń wá ìran, ó sì tún lè dojú rú, nítorí àwọn ọmọ ìyekan máa ń jẹ́ orúkọ kan náà ní abúlé kan náà. Mo rí bàbá bàbá Màmá ní 1901 àti ní 1911. Láàárín ọdún mẹ́wàá ó fi ọdún tó ju mẹ́wàá lọ dàgbà. Ẹ má rò pé ẹlòmíràn ni. Ọdún 1908 ni òfin owó ìfẹ̀yìntì fún arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún jáde, ìjọba kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ gbogbo ọmọ sílẹ̀ títí di 1864. Ọ̀pọ̀ àgbà kò ní ìwé ìbí, wọ́n wá fi ọjọ́ orí kún ọjọ́ orí.

Ibi tí wọ́n bí i ni mi ò rí, torí ìkànìyàn náà kì í sọ ju orúkọ ìpínlẹ̀ lọ. Mo kọjá sí irishgenealogy.ie, tí ìjọba wọn ń bójú tó. Ẹ máa rí àwòrán ìwé ìbí tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún níbẹ̀, ìwé ìgbéyàwó tó ti lé ní márùndínlọ́gọ́rin, àti ìwé ikú tó ti lé ní àádọ́ta. Ìwé ìgbéyàwó ló ṣiṣẹ́ fún mi jù lọ: ó ń sọ orúkọ bàbá ọkọ, iṣẹ́ rẹ̀, àti ibi tí ọkọ ń gbé. Ìwé ìbí sì ń sọ orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kí ó tó relé ọkọ. Ẹ̀yin tó ń wá Murphy, ìyá ni kí ẹ dì mú! Bí orúkọ ìyá bá ṣọ̀wọ́n, gbogbo ọmọ rẹ̀ á tò jáde níwájú yín. Bí ọ̀rọ̀ Màmá ṣe rí nìyẹn. Orúkọ ilé bàbá ìyá-ńlá rẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá, ó sì gbé mi dé eréko kan ní Muskerry.

Wọ́n pín ilẹ̀ Írẹ́lándì sí eréko kéékèèké tí wọ́n ń pè ní townland, wọ́n sì lé ní 60,000. Níbẹ̀ ni ìdáhùn máa ń wà. Griffith's Valuation, tí wọ́n fi díwọ̀n ilẹ̀ àti ilé fún owó orí láàárín 1847 sí 1864, to àwọn onílé ní eréko kọ̀ọ̀kan. Níbi tí Murphy méjì tó ń jẹ́ orúkọ àbísọ kan náà bá wà, akọ̀wé á fi orúkọ bàbá tàbí ìnagijẹ kún un kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú. Ní ìwọ̀-oòrùn Cork, àwọn ènìyàn ṣì ń fi irú ìnagijẹ ìdílé bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń béèrè pé, "Ọmọ agboolé wo ni ọ́?" Nígbà tí mo dárúkọ èyí tó wà nínú ìwé náà fún Màmá, ó pariwo. Bàbá rẹ̀ máa ń pe ìnagijẹ náà nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀ fún un rí.

Ìwé ìrìbọmi ìjọ Àgùdà ni mo fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwòrán wọn wà lórí ìkànnì ibi ìkówèésí orílẹ̀-èdè láti ọdún 2015. Èdè Látìn ni àlùfáà fi kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹlòmíràn sì ń fẹ́ sùúrù. Ẹ máa wo orúkọ àwọn tó dúró fún ọmọ nígbà ìrìbọmi. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí n dá ìdílé Màmá mọ̀ láàárín àwọn Murphy mìíràn tó yí wọn ká.

Mo tún wo ibi tí orúkọ náà tàn dé lẹ́yìn odi. Àwọn tó ń jẹ́ ẹ ní Amẹ́ríkà lé ní 300,000 nínú ìkànìyàn ọdún 2010. Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Santa Fe ní Argentina tó ń jẹ́ Murphy, torí àwọn ará Wexford lọ sin màlúù àti àgùntàn níbẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Murphy ló ní ẹ̀jẹ̀ Írẹ́lándì, nítorí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń jẹ́ ẹ. Isaac Murphy, tí wọ́n bí ní Kentucky lọ́dún 1861, tó gba ìdíje eré ẹṣin Kentucky Derby lọ́dún 1884, 1890 àti 1891, Burns ni wọ́n bí i sí. Ó gba Murphy láti fi bọlá fún bàbá ìyá rẹ̀, Green Murphy. Orí mi wú nígbà tí mo kà á.

Màmá ti fi gbogbo àkójọ náà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ní báyìí ó ní kí n wá ti ọkọ òun. Wexford ni ìdílé ọkọ náà sọ pé àwọn ti wá, wọ́n sì ń sọ pé àwọn bá Fada John Murphy ti Boolavogue tan, àlùfáà tó ṣáájú àwọn tó ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1798 tí wọ́n sì pa ní Tullow nínú oṣù keje ọdún yẹn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti gba ìwé ìgbéyàwó òbí ọkọ rẹ̀, orúkọ ilé bàbá ìyá ni mo sì ń fi wá a.