Òkun Ní Àárọ̀, Ààfin Ní Ìrọ̀lẹ́: Bí A Ṣe Ń Rìnrìn Àjò Ọjọ́ Kan Láti Àkúrẹ́ Dé Etí Òkun Ìlàjẹ

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á kọ́kọ́ yà sí ààfin Déjì ní Àkúrẹ́, wọ́n á gba Oǹdó kọjá láti wo ààfin Ọ̀ṣemàwé, wọ́n á wá ní àwọn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo òkun ní Ìlàjẹ. Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán la tó dé èbúté Igbókòdá, èmi àti àlejò mẹ́ta tó wá láti Ìbàdàn. Bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi wo ojú ọ̀run, ó wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ lọ sùn síbẹ̀ ni?" A ò mú aṣọ ìsùn dání. A jẹ ẹja, a wo omi lókèèrè, a sì padà sílé. Owó mọ́tò ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni a ò fojú kan òkun.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti da ìrìn náà kọ: òkun ní àárọ̀, ààfin ní ìrọ̀lẹ́. Ààfin ò ní sá kúrò níbi tó wà. Omi ló ní àkókò tirẹ̀. Ní àárọ̀, ara rẹ̀ a máa balẹ̀. Tó bá ti di ọ̀sán, atẹ́gùn á gbé ìgbì dìde. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, àwọn tó ń fi omi ṣiṣẹ́ jẹ kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: ẹ ránṣẹ́ sí ààfin

Ààfin kì í ṣe ilé ìṣàfihàn tí èèyàn ń rà tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀. Ilé ẹni ni. Ẹ kọ lẹ́tà kékeré sí akọ̀wé ààfin, tàbí kí ẹ wá ọmọ ìlú kan tí yóò bá yín mú un dé ibẹ̀. Ẹ kọ iye yín síbẹ̀, ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ọjọ́ àti aago. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé kí wọ́n sọ bóyá Kábíyèsí ni wọ́n fẹ́ kí, tàbí ààfin àtijọ́ nìkan ni wọ́n fẹ́ wò. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ rí ọba lè dúró wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó fẹ́ wo ilé, ẹmẹsẹ̀ kan, ìránṣẹ́ ààfin, tó mọ ibẹ̀ ti tó o. Fún ìrìn ọjọ́ kan, ẹ jẹ́ kó mọ sí wíwo ilé. Bí orí bá wá bá yín ṣe é tí Kábíyèsí jókòó, èyí di àjẹmọ́nú.

Ẹ bèèrè ọdún ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà Ulefunta ní Àkúrẹ́, Déjì a máa wọlé, wọn kì í sì í rí i sójúde. Nígbà Aheregbe, ọjà a máa tì. Bí ẹ bá bọ́ sí irú àkókò bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, ẹnu ọ̀nà lẹ máa wò. Bí obìnrin bá wà láàárín yín, ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ Orò náà; kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Mọ́tò àti dírẹ́bà

Ẹ ṣátà mọ́tò fún odindi ọjọ́, kì í ṣe láti ibì kan dé ibì kan. Kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ fẹnu kò lórí mẹ́rin yìí: ta ló ń ra epo, ta ló ń bọ́ dírẹ́bà, aago mélòó ni ọjọ́ tirẹ̀ parí, àti pé yóò dúró tì yín ní Igbókòdá ní gbogbo àkókò tí ẹ bá fi wà lórí omi. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Dírẹ́bà tí kò mọ̀ pé òun máa jókòó wákàtí mẹ́rin létí omi, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò rántí pé òun ní èrò kan tí òun fẹ́ gbé ní Òkìtìpupa.

Ẹ wo táyà, ẹ wo táyà àfikún, ẹ wo pépà mọ́tò. Kí gbogbo yín ti wà nínú ọkọ̀ kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù.

Ọ̀nà

Láti Àkúrẹ́, ẹ ó gba Òwénà bọ́ sí Oǹdó, bíi wákàtí kan. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Láti Oǹdó ẹ ó bọ́ sí Ore, níbi tí ọ̀nà Ṣágámù sí Benin ti gba kọjá. Ore yìí náà ni ogun abẹ́lé dé ní 1967, tí àwọn ọmọ ogun Biafra ti dé kí wọ́n tó lé wọn padà, òun ló sì fi ọ̀rọ̀ "ó le kú, ìjà Ore" sí wa lẹ́nu títí dòní. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ ra bọ̀lì níbẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀. Láti Ore ẹ ó gba Òkìtìpupa, ilẹ̀ Ìkálẹ̀, dé Igbókòdá tí í ṣe olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, bíi wákàtí mẹ́ta, bí ọ̀nà bá dára tí trélà ò dí Ore pa.

Ẹ ó rí i bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà. Kòkó àti igbó ní ẹ̀gbẹ́ Oǹdó. Ọ̀pẹ ní Òkìtìpupa. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí Igbókòdá, ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, iyanrìn ti ń funfun, ẹja yíyan sì ti ń kí yín káàbọ̀ nímú.

Orí omi

Ní èbúté Igbókòdá, ọkọ̀ méjì ló wà: èyí tó ń kó èrò pọ̀, àti èyí tí ẹ lè gbà fún ara yín nìkan. Ẹ gba èkejì. Ẹ bá atukọ̀ sọ ọ́ ní àlọ àti àbọ̀ dé Ayétòrò, ìlú etí òkun, kí ẹ sì mú apá kan owó náà dání di ìgbà tí ẹ bá padà gúnlẹ̀. Láífù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín bo èyí mọ́ yín lójú. Bí èyí tí wọ́n gbé wá bá ti já ní ọrùn tàbí tí bọ́kùlù rẹ̀ kò tì, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì fà á lókè èjìká kí n tó jókòó: bó bá yọ gba orí mi, kò wúlò.

Fóònù àti owó, inú ọ̀rá ni. Ẹ mú owó pépà wẹ́wẹ́ dání, nítorí ẹ kò lè fi ọkàn sí POS àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà omi yìí gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìrìn náà, ju òkun lọ pàápàá. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ ni ní ìbẹ̀rẹ̀, omi rẹ̀ pọ́n bí tíì. Igi ògùrọ̀ dúró lọ́tùn-ún lósì, imọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ débi pé ẹ lè nawọ́ kàn án. Ẹ wo ìko tó ń gbọ̀n lára rẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹ rántí ìtàn Mọremí, pé àwọn Ìgbò (kì í ṣe Ìbò ìlà-oòrùn) tó ń kó Ilé-Ifẹ̀ lẹ́rú fi ìko bora, tí ará Ifẹ̀ fi rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Àwọn ará Ugbò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ gbà pé àwọn Ìgbò ọjọ́ náà ni baba ńlá àwọn, pé àwọn làwọn kọ́kọ́ wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé. Ẹ lè máa jiyàn rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Lórí omi yìí, láàárín ìko, ẹ má bá atukọ̀ yín jiyàn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí lẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ilé tí wọ́n fi òpó gbé dúró lórí omi. Ọmọ ọdún méje á máa wa ọkọ̀ kékeré lọ sí ilé ìwé, bí àwọn tiwa ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Obìnrin á máa tẹ́ edé sí orí àwọ̀n. Kí ẹ tó gbé fóònù sókè láti yà wọ́n, ẹ kọ́kọ́ kí wọn. Ẹni tí a kí ló ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò.

Bíi ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, ẹ ó dé Ayétòrò. Àwọn onígbàgbọ́ kan tó ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́ ló tẹ ìlú yìí dó ní 1947. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, àpò kan ni gbogbo owó ń wọ̀, kò sí tèmi-tìrẹ. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dá iná mànàmáná fún ara wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Ọba wọn ló ń jẹ́ Ogélóyìnbó.

Ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ lónìí yàtọ̀. Òkun ti ń jẹ Ayétòrò láti ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti kó ilé lọ ní òpópónà dé òpópónà. Ẹ ní kí ẹnì kan mú yín lọ sí etí òkun fúnra rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá kan tó nawọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó ní, "Yàrá ìyá ọkọ mi nìyẹn." Mo wo ibẹ̀. Omi ni mo rí. Orí òpó igi kan péré ló yọ, ẹyẹ kan sì bà lé e.

Nítorí náà, ẹ má lọ síbẹ̀ bí ẹni tó lọ ṣe fàájì. Ẹ lọ kí olórí àdúgbò, ẹ ra ẹja àti edé gbígbẹ lọ́wọ́ wọn láìná an púpọ̀, kí owó yín sì kù síbẹ̀. Ẹ má wẹ òkun. Ìgbì ibẹ̀ a máa fani wọlé. Bó bá jẹ́ pé iyanrìn àti ìsinmi lẹ ń wá, Àràròmí ní etí òkun ló yẹ yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ tirẹ̀ ni, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ èyí.

Aago méjìlá ọ̀sán, ẹ wọ ọkọ̀ padà. Bó ti wù kó dùn tó.

Ní Igbókòdá, ẹ jẹ púpúrú. Bí wọ́n bá ní ọbẹ̀ màrùgbó, ẹ má jẹ́ kí dúdú rẹ̀ lé yín sá.

Ìgbà wo ló dára jù nínú ọdún? Láti Oṣù Kọkànlá dé Oṣù Kẹta. Àmọ́ nígbà ọyẹ́, kùrukùru lè bo odò títí di aago mẹ́sàn-án, atukọ̀ tó bá sì ní ká dúró kó ká, òótọ́ ló ń sọ. Nígbà òjò, pàápàá Oṣù Kẹjọ, ẹ fi òkun sílẹ̀, ẹ lọ gun Òkè Ìdànrè dípò rẹ̀: kò jìnnà sí Àkúrẹ́, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 660, ààfin Ọwá àtijọ́ sì wà lókè níbi tí ará ìlú ti ṣí kúrò. Òkè náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé láti 2007. Ààfin Ọlọ́wọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tó ní àgbàlá rẹpẹtẹ, ọ̀nà mìíràn pátápátá ni. Ẹni tó bá ní òun máa fi kún èyí ní ọjọ́ kan náà, inú mọ́tò ni yóò ti lo ọjọ́ rẹ̀.

Oǹdó

Ẹ ó dé Oǹdó ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ìṣẹ́jú 40 ni kí ẹ lò ní ààfin Ọ̀ṣemàwé. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè níbẹ̀ ni ìtàn Púpùpú. Obìnrin ni. Òun ni Oǹdó ń kà sí Ọ̀ṣemàwé àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú ìbejì tí wọ́n bí nígbà tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀. Airo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin ló ń jẹ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé obìnrin: Lóbùn, olóyè obìnrin àgbà tó ni ọ̀ràn ọjà, ní ọwọ́ nínú bí wọ́n ṣe ń fi Ọ̀ṣemàwé jẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹmẹsẹ̀ sọ ọ́ fún yín ní ẹnu Oǹdó. Ó dùn ju bí mo ṣe kọ ọ́ yìí lọ.

Ìwà inú ààfin, kan náà ni níbi méjèèjì. Ọkùnrin á ṣí fìlà, á sì dọ̀bálẹ̀ bí ọba bá wà níjòkòó; obìnrin á kúnlẹ̀, á bo orí, ìró àti bùbá sì dára ju ṣòkòtò lọ. A kì í na ọwọ́ sí ọba láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní yàrá kan ò ṣeé wọ̀ tàbí ò ṣeé yà, ẹ má bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú obì àti ọtí dání. Ṣìnáàpù ni púpọ̀ ń mú wá, àmọ́ ògógóró gidi láti Òkìtìpupa, mo ti rí àgbà olóyè tí ojú rẹ̀ là nítorí rẹ̀. Ẹ fún ẹmẹsẹ̀ ní nǹkan lọ́wọ́ ní ìparí, kì í ṣe níbẹ̀rẹ̀.

Àkúrẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú

Ẹ ti gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ṣáájú pé aago mẹ́fà kù díẹ̀ lẹ máa dé. Ààfin Déjì wà láàárín ìlú, ó dojú kọ Ọjà Ọba, bí ààfin Yorùbá ṣe yẹ kó rí. Ilé tuntun wà nínú ọgbà náà, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ lẹ bá wá, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ti kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Dúdú ni wọ́n kun ògiri rẹ̀. Ẹ ó kọjá láti àgbàlá dé àgbàlá. Uà ni Àkúrẹ́ ń pè é, wọ́n sì lé ní 15, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Uà Ubúra, fún àpẹẹrẹ, ìbúra nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn á gba ojú àgbàlá wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀, ògiri dúdú náà á sì máa dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo nù. Ìdí kejì nìyẹn tí mo fi ń gbé e sí ìparí.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹmẹsẹ̀ tó mú wa wọlé bẹ̀rẹ̀ láti bá wa tò wọ́n, iyanrìn funfun sì dà jáde láti inú tèmi sórí sìmẹ́ńtì. Ó wò ó, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, Ayétòrò lẹ ti ń bọ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ṣì kù díẹ̀ níbẹ̀?"