Branch tó ti parí iṣẹ́, ẹ pa á rẹ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa tí a jọ ń kọ kóòdù, láti Kàbà dé Ìsánlú. Mo ṣí iṣẹ́ wa nínú Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù) lálẹ́ àná, branch 21 ni mo kà, ìyẹn ẹ̀ka iṣẹ́ tí a yà sọ́tọ̀! Èmi gan-an ni mo ni 6 níbẹ̀, mi ò purọ́.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo bọ́ sórí main, ìyẹn branch àgbà tí iṣẹ́ gbogbo wa ń wọlé sí, mo ṣe git pull láti fa iṣẹ́ tuntun wá láti sáfà, mo wá tẹ git branch --merged. Èyí tó bá yọjú níbẹ̀, yàtọ̀ sí main fúnra rẹ̀, iṣẹ́ inú rẹ̀ ti wọlé sí main. Ẹ fi git branch -d pa á. d kékeré ni o! Tí iṣẹ́ inú rẹ̀ kò bá tíì dé main tàbí sáfà, d kékeré á kọ̀ jálẹ̀. D ńlá (git branch -D) kì í bi èèyàn léèrè. Òun ló gbé iṣẹ́ ọjọ́ méjì mi mì lọ́jọ́ tí bátìrì fẹ́ kú, tí mo ń kánjú. git reflog, àkọsílẹ̀ ibi tí a ti dé nínú Git, ló bá mi wá a rí.

Lẹ́yìn náà, git fetch --prune, kó gbá orúkọ àwọn tí wọ́n ti pa lórí sáfà kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi squash da iṣẹ́ pọ̀ (tí gbogbo àyípadà inú branch di ẹyọ kan ṣoṣo lórí main), tiyín kò ní hàn nínú --merged o. Ẹ fojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò.