Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi ya àtẹ ìdílé àwọn Count Anjou

Ẹ jọ̀ọ́, tí ariwo mi bá pọ̀ ẹ má bínú, owó ló ń dùn mí. Mo ra àtẹ ìdílé àwọn Count Anjou, ìyẹn àwọn ìjòyè tó ń ṣàkóso agbègbè Anjou nílẹ̀ Faransé láyé àtijọ́, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó wébíìlì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọjà, mo tú u báyìí, wọ́n kọ Fulk kẹrin sábẹ́ Geoffrey Martel bí ọmọ. Ọmọ wo? Martel ò bímọ o! Mo pe ẹni tó tà á, ó ní àwọn kì í dá owó padà. Mo ní kò burú, màá ya tèmi.

Ìbẹ̀rẹ̀ ò le rárá. Ingelger, Fulk Pupa, Fulk Onínúure, Geoffrey Grisegonelle tó kú ní 987, Fulk Nerra tó jẹ títí di 1040, lẹ́yìn náà Martel. Bàbá sí ọmọ ni gbogbo ẹ̀.

1060 ni wàhálà. Martel kú láìlọ́mọ, ni oyè bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Ermengarde àbúrò ẹ̀ obìnrin. Ọkọ Ermengarde, Count Gâtinais (agbègbè mìíràn ní Faransé), Geoffrey lòun náà ń jẹ́, àwọn kan ń pè é ní Aubry, àkọ́bí wọn tún ń jẹ́ Geoffrey! Geoffrey ẹ̀gbọ́n ìyá, Geoffrey bàbá, Geoffrey ọmọ, gbogbo ibi tí mo sì ń kà, "Geoffrey" lásán ni wọ́n ń kọ, wọ́n á yọ ìyá kúrò, wọ́n á fa ìlà látọ̀dọ̀ Martel sọ́dọ̀ àwọn ọmọ bíi pé òun ló bí wọn. Ó sú mi débi pé mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Inagijẹ ló yọ mí. Geoffrey Onírùngbọ̀n lẹ̀gbọ́n, Fulk le Réchin, ìyẹn Fulk kẹrin tí wọ́n kọ sábẹ́ Martel, làbúrò. Ní 1068 Fulk gbá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú, ó tì í mọ́lé, ó sì fi Gâtinais, ilẹ̀ bàbá wọn gan-an, ta Ọba Philippe Kìíní ti Faransé lọ́rẹ kí ọba má bàa dá sí i. Ẹ ò rí nǹkan! Ìdílé Gâtinais tí ò ní Gâtinais mọ́. Ọba yìí kan náà ló tún gba Bertrade ìyàwó Fulk ní 1092, ìyẹn ìyá Fulk karùn-ún tó wá jọba Jerúsálẹ́mù ní 1131.

Geoffrey Plantagenet, ọmọ Fulk karùn-ún, fẹ́ Matilda ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1128, Henry ọmọ wọn jọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1154. Gbogbo ayé ló mọ̀yẹn, mo sáré kọjá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya tiyín, àwọn obìnrin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, nítorí ó tún ṣẹlẹ̀ pé obìnrin ló gbé oyè kọjá: Louis kẹsàn-án, ọba Faransé, fún Charles àbúrò ẹ̀ ní Anjou ní 1246, nígbà tó di 1290 Marguerite, ọmọ ọmọ Charles yìí, ló gbé e lọ sílé ọkọ, ọ̀dọ̀ Charles ti Valois. Tèmi mọ́ kedere níbẹ̀, mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Mo dúró ní 1360 tí wọ́n sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ Duke, pépà ti tán.