Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń wá orúkọ àwọn onígìtá Hawaii inú fọ́tò àtijọ́

Tí ìdílé bá rí fọ́tò kan nínú àpótí ìyá àgbà, tí ọkùnrin mẹ́rin wọ aṣọ funfun nínú rẹ̀, tí òdòdó wà lọ́rùn wọn, tí ọ̀kan sì tẹ́ gìtá sórí itan, ohun tí kálukú máa kọ́kọ́ bèèrè ni, "Àwọn wo rèé?" Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ọdún ló yẹ kó ṣáájú, torí ọdún ló máa sọ ẹni tó lè jẹ́ àti ẹni tí kò lè jẹ́ láéláé. 1902 ni wọ́n bí Sol Hoʻopiʻi, gbajúmọ̀ onígìtá Hawaii. Bí fọ́tò bá jẹ́ ti 1912, àgbàlagbà tó jókòó sáàárín kì í ṣe òun, bó ti wù kí imú wọn jọra tó.

Gìtá Hawaii ni èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí itan, tí wọ́n á wá máa fi irin dídán kan fà lórí okùn rẹ̀. Joseph Kekuku, ọmọ ìlú Lāʻie ní erékùṣù Oʻahu, ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó dá a sílẹ̀ ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó kúrò ní Hawaii ní 1904, ó ta gìtá yìí káàkiri Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ó sì kú ní New Jersey ní 1932. Ohùn gìtá tí Demola Adepoju ń fà nínú jùjú King Sunny Adé, ìran gìtá yìí náà ni.

Títún fọ́tò ṣe kí ẹ tó wò ó dáadáa

Ẹ má fa fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù. Ojú fọ́tò gan-an ló lẹ̀ mọ́ ọn, bí ẹ bá sì fà á, ojú àwọn èèyàn náà á kù sára gíláàsì. Ẹ síkáànì rẹ̀ tòun ti gíláàsì. Ẹ lo 600 dpi (ìwọ̀n bí síkáànà ṣe ń rí kúlẹ̀kúlẹ̀ tó) fún odindi fọ́tò, kí ẹ fi pamọ́ bí irú fáìlì tó ń jẹ́ TIFF. Lẹ́yìn náà, ẹ lo 1200 dpi fún ibi mẹ́ta: orí gìtá, ọwọ́ òsì onígìtá, àti ojú ìlù bí ìlù bá wà níbẹ̀. Ẹ síkáànì ẹ̀yìn náà, kódà bó bá ṣófo, ẹ má sì gé etí rẹ̀ kúrò.

Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lóde òní ni àwọn áàpù tí ń sọ ojú bàìbàì di ojú tó mọ́ kedere. Ojú tí wọ́n ń gbé jáde kì í ṣe ojú ẹni inú fọ́tò. Kọ̀ǹpútà ló ń fi eyín, ojú àti awọ ara tirẹ̀ kún ibi tí kò ríran. Ó máa ń sọ okùn mẹ́fà di márùn-ún, ó sì máa ń sọ lẹ́tà orí gìtá di nǹkan tí kò sí nínú èdè kankan. Tí ẹ bá wá gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ síwájú ẹbí tàbí síwájú onímọ̀, ẹni tí kò sí rí ni wọ́n ń bá yín wá.

Kíka gbogbo ẹni tó di gìtá mú sí onígìtá Hawaii

Nínú ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹyọ ẹnì kan ló sábà máa ń ta gìtá Hawaii. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó ń ta gìtá lásán, ìka rẹ̀ á gba abẹ́ ọrùn gìtá yọ, á sì máa tẹ okùn. Onígìtá Hawaii ní tirẹ̀, gìtá rẹ̀ dùbúlẹ̀ tó kọjú sókè, ọwọ́ òsì rẹ̀ wá láti òkè, ó sì fi ìka mú irin kan tí kò gùn ju ìka lọ. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ wo àtàńpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e bóyá wọ́n wọ èékánná irin.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ayàwòrán máa ń ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n gbá gìtá mọ́ àyà. Ọwọ́ ò ní sọ nǹkan kan fún yín mọ́ nìyẹn. Ẹ wá wo òkè ọrùn gìtá, níbi tí okùn ti ń wọ orí rẹ̀. Ti gìtá Hawaii, wọ́n gbé okùn ga síbẹ̀, ó lè tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí ara ọrùn, kí irin má bàa máa ha igi. Ó hàn dáadáa tí gìtá bá fẹ̀gbẹ́ kọjú sí kámẹ́rà. Ohun èlò kékeré olókùn mẹ́rin, ʻukulele ni. Bó bá tóbi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ní okùn mẹ́jọ, ó lè jẹ́ taropatch. Ẹ má pe ìkankan nínú méjèèjì ní gìtá ọmọdé.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní ọlọ́wọ́ òsì, ẹ wádìí bóyá fọ́tò náà yí padà. Fọ́tò orí páànù máa ń yí padà bí ti inú dígí, àwọn tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà náà sì lè yí padà tí wọ́n bá gbé fíìmù kọ ẹ̀yìn. Ẹ wo lẹ́tà ojú ìlù. Bí kò bá sí lẹ́tà, ẹ wo kóòtù ọkùnrin: apá òsì ẹni tó wọ̀ ọ́ ni àpò orí àyà máa ń wà, apá òsì náà ló sì ń gùn lórí apá ọ̀tún. Bí ti gbogbo wọn bá jẹ́ òdìkejì, ẹ yí fọ́tò náà padà nínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó máa ka ẹni tó wà lápá òsì tàbí lápá ọ̀tún.

Bíbéèrè ohun tí gìtá ò lè sọ lọ́wọ́ gìtá

Gìtá máa ń sọ ọdún tí fọ́tò kò lè ṣáájú. Kò lè sọ ọdún tí kò lè kọjá, torí èèyàn lè ta gìtá kan ṣoṣo fún ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀pọ̀ ló ń da méjèèjì pọ̀.

Bí gìtá náà bá jẹ́ igi látòkè délẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ tó sì ń gbòòrò wọ inú ikùn láìsí èjìká, tí ọrùn náà ní ihò nínú, irú èyí tí Hermann Weissenborn ń kàn ní Los Angeles ni, àwọn ọdún 1920 ló sì gbilẹ̀ jù. Chris Knutsen ti ń kan irú ọlọ́rùn oníhò bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹ má tìtorí ìrísí nìkan sọ fọ́tò di ti 1925. Tí gbogbo ara gìtá bá jẹ́ irin tó ń dán, tí irin kan tó dà bíi lẹ́tà T sì wà lójú rẹ̀ níbi tí okùn ń gbà kọjá, National alábọ́ mẹ́ta nìyẹn: abọ́ alumíníọ̀mù mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí ń gbé ohùn jáde. 1927 ló jáde, fọ́tò náà kò sì lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ irin róbótó kan ṣoṣo, ara rẹ̀ sì jẹ́ igi, ẹ ronú sí Dobro, èyí tó tẹ̀ lé e ní ọdún kan sí méjì. Gìtá kékeré tó rí bíi páànù ìdínran, tí ikùn rẹ̀ kò ju àwo oúnjẹ lọ, Rickenbacker tó ń lo iná mànàmáná ni, 1932 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Tí ẹ bá rí wáyà tó ń ti ara gìtá lọ sínú àpótí lórí ilẹ̀, ẹ ti kúrò ní ayé Kekuku nìyẹn.

Ẹ̀yìn fọ́tò náà ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ káàdì ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ìlà pín ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì, kò ṣáájú 1907. Ní igun ibi tí sítáǹpù ń jókòó, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà AZO, orúkọ irú bébà fọ́tò kan. Bí igun mẹ́ta-mẹ́ta mẹ́rin tó yí i ká bá kọjú sókè pátá, bébà náà jẹ́ ti nǹkan bí 1904 sí 1918. Bí méjì bá kọjú sókè tí méjì kọjú sílẹ̀, nǹkan bí 1918 sí 1930. Ọjọ́ orí bébà nìyẹn o. Wọ́n lè tún fíìmù àtijọ́ tẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bírò kọ sẹ́yìn fọ́tò, ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún 1945 ni bírò dé ọjà Amẹ́ríkà. "Honolulu 1915" tí wọ́n fi bírò kọ, ẹni tó kọ ọ́ ń rántí ohun tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ni, tàbí ohun tí wọ́n sọ fún un. Ọdún 1915 gan-an tún ní ewu tirẹ̀. Ọdún náà ni ìpàtẹ àgbáyé San Francisco mú kí orin Hawaii gbòde kan ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí àwọn ìdílé fi ń so gbogbo fọ́tò irú èyí mọ́ ọn.

Gbígba aṣọ àti orúkọ ẹgbẹ́ gbọ́

Òdòdó lọ́rùn àti igi àgbọn tí wọ́n kùn sára aṣọ ẹ̀yìn kò sọ pé ọmọ Hawaii ni wọ́n, kò sì sọ pé Hawaii ni wọ́n ti ya fọ́tò náà. Frank Ferera, tó gba orin púpọ̀ sílẹ̀ nígbà náà, ọmọ Honolulu ni, àmọ́ ìran Portugal ló ti wá. Samoa ni wọ́n bí Tau Moe sí, òun àti ìdílé rẹ̀ sì fi orin Hawaii rin Éṣíà àti Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

"Royal Hawaiian" lójú ìlù kò túmọ̀ sí pé ọba rán wọn. Royal Hawaiian Band gan-an, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1836, ẹgbẹ́ onífèrè ni. Ẹnikẹ́ni ló sì ń fi orúkọ yẹn ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bákan náà ni "Honolulu Conservatory of Music": ilé ẹ̀kọ́ gìtá tó ní ẹ̀ka láwọn ìlú inú Amẹ́ríkà gangan ni, ó sì bá Oahu Publishing Company ti Cleveland ní Ohio tan. Bí ẹ bá rí ogún ọmọdé lórí pèpéle, tí gìtá kan náà wà lórí itan gbogbo wọn, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ẹ má wá olókìkí kankan níbẹ̀. Ẹ wá ìyá àgbà yín, kí ẹ sì wá ìwé ìròyìn ìlú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe àṣehàn, torí wọ́n sábà máa ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ náà.

Fífi sípẹ́lì kan ṣoṣo wá orúkọ

Orúkọ ìdílé Kekuku ni Apuakehau. Ẹni tó bá ń wá àwọn ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú "Kekuku" nìkan á kọjá lára wọn. Ferera ni Ferreira tẹ́lẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn kì í kọ àmì tó wà nínú Hoʻopiʻi, ẹ wá "Hoopii", kí ẹ sì wá bí akọ̀ròyìn tó ń fetí gbọ́ ọ ṣe lè kọ ọ́. "Prince" àti "Princess" níwájú orúkọ, ẹ yọ wọ́n kúrò kí ẹ tó wá a.

Fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń rin ìrìn àjò, àkójọ Redpath Chautauqua (ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò eré àti àsọyé láti ìlú dé ìlú) ní University of Iowa ló dára jù: ìwé ìpolówó àwọn ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò àti orúkọ, wọ́n sì ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Chronicling America, ìkànnì ìwé ìròyìn àtijọ́ ti Library of Congress, ní ìwé ìròyìn Hawaii. Ìkànìyàn Amẹ́ríkà kan Hawaii láti 1900, káàdì ìforúkọsílẹ̀ ológun ti 1917 sí 1918 sì máa ń kọ iṣẹ́ èèyàn àti ẹni tó gbà á síṣẹ́.

Ojú tó jọra kò tó ẹ̀rí. Ká tó fi orúkọ lé ẹnì kan, ó yẹ ká ní ohun méjì mìíràn tí kò ti ibì kan náà wá: fún àpẹẹrẹ, ìwé ìpolówó tó fi ẹgbẹ́ náà sí ìlú yẹn lọ́dún yẹn, àti ìlù kan náà nínú fọ́tò mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú wé ojú, etí ni kẹ́ ẹ wò, kí fọ́tò méjèèjì sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọjú sí ibì kan náà.

Ẹ kọ àbájáde yín sára àpòòwé, ẹ má kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ to àwọn èèyàn náà láti òsì ẹni tó ń wò ó sí ọ̀tún. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ "ó dájú", "ó ṣeé ṣe" tàbí "a kò tíì mọ̀", kí ẹ sì kọ ẹ̀rí tó gbé orúkọ náà ró, ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, àti bóyá ẹ ti yí fọ́tò náà padà.